Ìkòkò Kan, Ẹni Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n

Ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn tó ń ka tálákà wọ ilé bàbá mi. Ká ní ọjọ́ Àlàmísì ni wọ́n wá ni, bóyá n kì bá tí ní nǹkan kan láti rò fún yín.

Ilé náà wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìrìn díẹ̀ ló wà láàárín òun àti Ìgá Ìdúngánràn. Yàrá mọ́kànlá ló yí àgbàlá ká. Èmi kò gbé níbẹ̀ mọ́. Òdìkejì omi ni mò ń gbé, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí iléèwé bá ti tú, màá sọ̀ ní Ọbaléńdé, màá fẹsẹ̀ rìn dé ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní mo wá kí àwọn àgbà. Irọ́ ni. Oúnjẹ ni mo wá jẹ.

Ìyá Àgbà ló ń sè é. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, àwọn sì ni olórí ilé láti ìgbà tí àwọn ọkùnrin ìran wọn ti tán. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń gbé ìkòkò kan kaná láàárín àgbàlá, ìkòkò tí ọmọ kékeré lè sá pamọ́ sí. Wọ́n á se ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀, wọ́n á dín ata lọ́tọ̀, àti ọmọ ilé àti ìyàwó ilé á sì gbé abọ́ wá lẹ́yìn ìrun. Sàráà ni. Ìyá tó bí wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àárín ìrẹsì yìí ni àwọn aṣojú ìjọba bá wa, ọmọbìnrin kan tó lo híjáàbù àti ọkùnrin kan tí òógùn ti bo. Ọmọbìnrin náà gbé fóònù pẹlẹbẹ ńlá kan lọ́wọ́, tí Ìyá Àgbà wò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sọ ọ́ ní wàláà, bíi pátákó tí ọmọ kéú fi ń kọ́ Kùránì. Láti ọjọ́ náà, wàláà ni gbogbo ilé ń pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. "Ìjọba ló rán wa. À ń kọ orúkọ àwọn ìdílé tí nǹkan ò rọrùn fún, kí wọ́n lè máa rí owó díẹ̀ gbà."

Ìyá Àgbà ń fi ṣíbí ńlá ro ìrẹsì. Wọn ò gbójú sókè. "Ta lẹ gbọ́ pé nǹkan ò rọrùn fún?"

"Gbogbo àdúgbò là ń yí ká, mà."

Mo dá sí i kó má baà di ìjà. "Ìyá Àgbà, wọn ò bú wa o. Owó ni wọ́n fẹ́ fún wa."

"Owó wo? Ta ló kú?"

Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe wẹ́rẹ́ títí ó fi kan ìbéèrè kan. "Mà, ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan? Ìkòkò ojoojúmọ́ ni mò ń sọ o. Ẹni tó bá ń dá se tirẹ̀, ọ̀tọ̀ la máa kọ ọ́, ọ̀tọ̀ ló sì máa gba owó tirẹ̀."

Ó là á yé wa yékéyéké. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ojú rí sítóòfù mẹ́sàn-án lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tí ìdí wọn ti dúdú. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà na ṣíbí sí ìkòkò Jímọ̀, wọ́n ní, "Gbogbo wa. Ìkòkò náà nìyí."

"Gbogbo yín, mà? Lójoojúmọ́?"

"Ṣé ìkòkò yìí kéré lójú ẹ ni?"

Kí ẹ tó sọ pé àgbà ń purọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lára ògiri wa. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síwájú ilé, gàdàgbà: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ. Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé a kì í kọ irú èyí sára ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbèrò àtità. A ní mọ̀lẹ́bí kan tó ti ń rán lọ́yà sí wa. Ó ní kí a pín ilé, kí kálukú mú tirẹ̀, kí òun ta tòun. Ohun tí Ìyá Àgbà sì fi ń dá a lóhùn láti ọjọ́ yìí wá ni pé ilé kò pín rí, pé ìkòkò kan là ń jẹ. Nísinsìnyí, ìjọba fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdílé mẹ́sàn-án la jẹ́. Ìwé náà á dé kóòtù kí owó náà tó dé báńkì. Ohun tí Ìyá Àgbà ń rò nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n lójú wọn.

Ni mo bá bá wọn fi iyọ̀ sí i. "Ẹ̀gbọ́n oníwàláà, ẹ má da ara yín láàmú. Èmi tí mo ń gbé òdìkejì omi gan-an, ibí ni mo ti ń jẹun." Àwọn ènìyàn tún rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà wo ìkòkò, ó wo ẹni tó tò pẹ̀lú abọ́, ó sì fi ìka tẹ wàláà. Ìdílé kan, ẹni mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ẹnì kan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wa ni, opó ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, tí òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì ń gbé yàrá ìkẹyìn lẹ́yìnkùlé. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Ó ń ta ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn ní Jáńkàrà, kí ọjà tó wọlẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, èmi ti wà nílé, nítorí náà kò lè pe orúkọ mi. Akọ̀wé ló sọ mí.

Ó sìn mí jáde lọ́jọ́ náà. A dé ẹnu títì kó tó sọ̀rọ̀.

"Akọ̀wé ọkọ mi, ẹ kúuṣẹ́ o. Owó tí wọn ì bá fún mi lẹ fi ṣẹ̀fẹ̀ yẹn."

"Èmi kẹ̀?"

Ó ṣàlàyé fún mi. Ìsọ̀ rẹ̀ ní Jáńkàrà ti ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àlájà tó ni ìsọ̀ náà kò le, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ pé bí oṣù Ààwẹ̀ bá lé tí kò sí ọjà níbẹ̀, òun á fún ẹlòmíràn. Bí ìsọ̀ bá sì lọ, kò sí ohun tí òun ń ṣe l'Ékòó mọ́, òun á kó àwọn ọmọ padà sọ́dọ̀ ìyá òun.

"Ìjẹ̀bú ò kúkú burú," mo ní.

"Kò burú. Ta ni n ó máa ta ọṣẹ fún níbẹ̀, àwọn tó ń sè é?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbé e mì. "Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn pé o ń dá se tìẹ?"

Ó wò mí bíi pé mo ní kó bọ́ sí ìhòòhò. "Èmi ìyàwó? Níwájú Ìyá Àgbà? Kí n ní ìkòkò ilé ti fọ́?"

Mo ṣèlérí pé màá bá Ìyá Àgbà sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́. Ẹnu tó mú ṣáṣá láti ṣẹ̀fẹ̀, ẹ máa ń rí i pé ó máa ń wúwo bí ọ̀rọ̀ gidi bá dé. Jímọ̀ kan lọ, òmíràn dé, mò ń jẹ ìrẹsì, mò ń wo ibòmíràn bí ìyàwó bá wò mí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, fóònù Ìyá Àgbà dún, owó ti wọ àkáǹtì. Ẹyọ owó ìdílé kan, fún ẹni mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìyá Àgbà kò wulẹ̀ ronú sí i, ẹran ni wọ́n fi rà sí ìrẹsì Jímọ̀. Kálukú rí ègé kan. A ń pè é ní ẹran ìjọba, a ní ó le díẹ̀ ṣùgbọ́n ó dé ọ̀nà ọ̀fun. Mo rí ìyàwó tó fi ọ̀rá wé tirẹ̀, mo rò pé kò fẹ́ràn ẹran ni.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin oníwàláà padà wá. Òun nìkan ni lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ Àtàlátà ni, iléèwé wà nínú ìsinmi, èmi náà sì wà nílé.

"Ẹ má bínú, mà," ó sọ fún Ìyá Àgbà. "Ọ̀gá mi ló ní kí n padà wá. Wọ́n rí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, wọ́n bi mí bóyá mo sùn nígbà tí mò ń kọ ọ́."

"Sọ fún un pé ojú ẹ là kalẹ̀. Ìkòkò kan ni."

Ọmọbìnrin náà wo àárín àgbàlá. Eérú nìkan ló wà níbẹ̀. "Ìkòkò náà dà, mà?"

"Ó ń sinmi."

Lẹ́yìn ọmọbìnrin náà, ìkòkò ń hó lórí sítóòfù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo ìyàwó, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi kí n tó mú un. "Ìyá Àgbà, ìyàwó tó wà lẹ́yìn ń dá se tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ òun àti àwọn ọmọ ẹ̀ sọ́tọ̀."

Ìyá Àgbà yí mi wò láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí. Àṣé lọ́yà ti wà nínú ilé yìí tí à ń wá ti ìta kiri." Wọ́n kọjú sí opó. "Ìyàwó, ṣé òótọ́ ni? O ti yọ ìkòkò ẹ kúrò nínú tiwa?"

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Rárá, mà. N ò yọ ọ́."

Ìtìjú mú mi. Èmi tí mo gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, òun fúnra rẹ̀ ti jù mí sílẹ̀. Ọmọbìnrin oníwàláà náà ló rọra bi í pé, "Àǹtí, kí lẹ sè lánàá?" Ìyàwó kò fèsì. Ó bi í nípa ìjẹta. Kò fèsì.

Ìyá Àgbà mú ọ̀pá wọn. "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Láti ìgbà tí a ti ṣe fìdáù ọkọ rẹ̀, mi ò rò pé Ìyá Àgbà ti dé ẹ̀yìnkùlé yẹn. A tẹ̀ lé wọn. Yàrá náà mọ́ tónítóní. Sítóòfù wà lẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò kékeré kan dojú dé lórí rẹ̀, ó ń dán. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan sítóòfù náà, wọ́n gbóòórùn ọwọ́ wọn. Kò sí òórùn epo kankan. Aláǹtakùn ti so òwú láti ẹsẹ̀ sítóòfù mọ́ ògiri.

Lórí fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń wọlé, àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà tí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Ìyá Àgbà ṣí i. Ìrẹsì ni, tó ti gbẹ gan-gan, tí ẹ̀wà mélòó kan wà láàárín rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ìrẹsì Jímọ̀ ni, mà." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bí mo bá tètè sá a, kì í kan. A máa ń fi omi gbígbóná tí mo bá tọrọ rẹ ẹ́. Ó ń bá wa dé Àtàlátà."

"Àlàrùbá ńkọ́?"

"À ń wá nǹkan ṣe sí i, mà. Àti Àlàmísì."

Ọmọbìnrin oníwàláà gbé wàláà dání, kò mọ ibi tó máa tẹ̀. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Òótọ́ mà ni Ìyá Àgbà sọ! Ìkòkò kan náà ni ìyàwó ń jẹ, kò ní òmíràn. Àwa tó kù tí a ń pariwo ìkòkò kan, àwa la ní méjì. Mo wá ẹ̀fẹ̀ tí mo lè ṣe síbẹ̀, mi ò rí.

Ìyá Àgbà jókòó sórí ẹní. "Àtìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, mà."

"O ò sì lè wá bá mi?"

"Ẹ̀ ń fún mi ní Jímọ̀, mà. Mo rò pé..."

Ìyá Àgbà kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Kọ ọ́ sọ́tọ̀."

"Mà?"

"Ṣé o ò gbọ́ni? Òun àti ọmọ ẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oúnjẹ la pín o, a ò pín ilé."

Ọmọbìnrin náà yí wàláà síwá sẹ́yìn. "Mà, kò sí àyè irú ẹ̀ nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló mọ̀."

"Wàláà wo ló dé tí kò gba ọ̀rọ̀?"

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tíṣà mi ti wúlò. Mo ya ojú ewé kan nínú ìwé tí mo fi ń gbáradì fún kíláàsì, mo kọ ọ́ sí i pé àwa ọmọ ilé yìí jẹ́rìí pé ẹni mẹ́ta ń dá jẹun, pé èyí kò sọ ilé di pínpín, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá gbé e lọ kóòtù, irọ́ ló ń pa. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ẹ̀rín ń pa á. Ìyá Àgbà fi bírò kun àtàǹpàkò wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọ́n sì ká a sínú pọ́ọ̀sì. Mi ò mọ̀ bóyá kóòtù kankan láyé máa ka ìwé náà sí. Ẹ má sọ fún wọn.

Bí ọmọbìnrin náà ṣe ń lọ ló sọ òdodo ọ̀rọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ orúkọ tuntun wò, ó lè gba oṣù mélòó kan. Ìyàwó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi. Ààwẹ̀ á ti lọ, Iléyá á ti fẹ́ dé, ìsọ̀ á ti di ti ẹlòmíràn. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ. Wọ́n kàn bi ìyàwó pé ọjọ́ wo ni Àlájà dá fún un.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sọ̀ ní Ọbaléńdé pẹ̀lú ebi bí i tàtẹ̀yìnwá. Mo gbọ́ ariwo láti ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ilé dúró sí àgbàlá pẹ̀lú abọ́ òfìfo, kò sì sí ìkòkò lórí ààrò. Owó ìjọba ẹlẹ́ẹ̀kejì ti dé lọ́jọ́ Àlàmísì. Ìyá Àgbà ti gbà á, wọ́n fi owó tí wọn ì bá fi ra ìrẹsì lé e, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó.

"Owó gbogbo wa mà ni," àbúrò mi ọkùnrin kan ń ráhùn.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ìkòkò kan là ń jẹ?" Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Ó dáa, ẹnì kan jẹ tọ̀tẹ̀ yìí. Kálukú kó lọ tan sítóòfù ẹ̀. Mẹ́sàn-án ni, mo kà á láàárọ̀. Tìẹ ló tilẹ̀ tóbi jù."

Búrẹ́dì ni mo jẹ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Níléèwé wa, bí ọ̀rọ̀ bá dé orí fífún tálákà lówó, olùkọ́ ìṣirò máa ń tẹnu mọ́ ọn pé bí o kò bá sọ fún wọn ohun tí wọ́n máa fi rà, wọ́n á fi jayé ni. Mi ò gbà á gbọ́, mi ò sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí ara mi lélẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo bá ìyàwó lọ sọ́jà. Mo ní mo fẹ́ bá a gbé ẹrù. Òun náà mọ̀ pé ojú ni mo gbé lọ.

Kò yà sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́ṣẹ. Ó kọjá wọn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọ̀rá ńlá tó nípọn, irú èyí tí àwọn onílọ́rì fi ń bo ẹrù, ló dúró sí. Ó ń na án, ó ń fi èékánná há a, ó ń gbé e sókè sí oòrùn. Ìdajì owó ọwọ́ rẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀.

"Ìyàwó, ọṣẹ ńkọ́?"

"Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n ra nǹkan mi."

"Ṣé ọ̀rá lo fẹ́ máa tà ni?"

Ó dá ọ̀rá náà sílẹ̀. "Kí lẹ rò pé ó jẹ owó ọjà mi?"

Mo ní ìnáwó òkú ọkọ rẹ̀ ni, ohun tí gbogbo ilé ń sọ nìyẹn.

"Òjò ni," ó ní. "Páànù ìsọ̀ yẹn jò. Lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ọṣẹ tí mo ra láwìn, ó di omi dúdú, ó ṣàn lọ. Mo wá sọ́jà láàárọ̀, wọ́n ń yọ̀ ṣubú níwájú ìsọ̀ mi. Mo wá fẹ́ sọ ìyẹn fún Ìyá Àgbà, kí wọ́n lè ní mi ò lè bo ọjà?" Ó tún gbé ọ̀rá náà sókè. "Bí mo bá ra ọṣẹ lónìí, tí òjò rọ̀ lọ́la, ṣé ìjọba tún máa padà wá kà mí ni?"

Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí méjì, ká ní ọwọ́ mi ni owó náà wà, gbogbo rẹ̀ ni ǹ bá fi ra ọṣẹ. Mo bá a di ọ̀rá.

Ọjọ́ tó ṣíwájú ọjọ́ tí a ń retí oṣù, mo yà ní Jáńkàrà. Ọ̀rá náà ti wà lórí ìsọ̀, ìyàwó so ó le bí awọ ìlù. Ọṣẹ kò pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó tò ó fẹ̀ kó lè dà bí ẹni pé ó pọ̀. Àlájà tó ni ìsọ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ etí ọ̀rá náà, ó ń bèèrè iye tí wọ́n ń tà á.

"Ṣé wọ́n ti pè ọ́ láti ibi ìjọba?" mo bi ìyàwó.

"Wọn ò tí ì pè. Bí wọ́n bá pè, wọ́n á bá mi níbí."

Mo mú ọṣẹ méjì àti kànrìnkàn kan. Ó dá iye lé e. Mo ní ó ti wọ́n jù fún ọmọ ilé, kó rántí pé ọkọ rẹ̀ ni mo jẹ́.

"Nílé, ẹ̀yin lọkọ mi," ó ní, ó ti na ọwọ́ sí mi fún owó. "Ní Jáńkàrà, oníbàárà ni yín."

Àlájà bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó rí èsì tó dáa fọ̀, ìyàwó ti kọjú sí obìnrin tó dúró lẹ́yìn mi, ó ń bi í irú ọṣẹ tó ń wá.